Ojú Oórì Tí Kò Sí ní Ìmẹ̀kọ

Ọmọ Kétu ni ọkọ mi. Kì í ṣe Kétu ti Èkó o. Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin ni, tí gbogbo wa níhìn-ín ń pe àwọn ará ibẹ̀ ní Kútọnu, ì báà jẹ́ pé wọn ò fojú kan Kútọnu rí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí Alhaji Akíndé jókòó sí pálọ̀ wa, tó mu omi tán, tó wá sọ pé, "Ẹ má bínú o, nílé tiwa, a kì í gbé ìyàwó láìṣe ìwádìí."

Afeezat, àkọ́bí wa, ni ìyàwó tó ń sọ. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sango ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kó bisikíìtì sínú páálí. Ibẹ̀ ló ti pàdé Tahir, ọmọ Alhaji, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni wọ́n, wọn kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá bíi tiwa. Àwọn bàbá wọn ti wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dé. Ọmọ náà fẹ́ràn Afeezat, Afeezat sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kì í lè jẹun tí wọ́n bá jà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ṣàlàyé ìfẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ràbíátù, ló máa ń lọ," Alhaji ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Òun àti Ògúnlàdé, àbúrò wa. Wọ́n á dé Ìmẹ̀kọ lọ́jọ́ Sátidé."

Jìbírílù ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Kò burú rárá, Alhaji. Ìwádìí dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n nínú sálúbàtà.

Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó pa irọ́ pé ọmọ Ìmẹ̀kọ, ìlú Nàìjíríà tó wà létí bọ́dà Kétu, ni ọkọ mi. Nígbà tí ọkọ mi dé Ojú Ore ní Ọ̀tà láti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, onílé tó kọ́kọ́ gbà á sílé gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Bí ará Ìmẹ̀kọ lo ṣe ń fọhùn yìí." Jìbírílù rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Onílé sọ fún aládùúgbò, aládùúgbò sọ fún ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe káàdì ìdìbò, ẹlòmíràn ló bá a dáhùn pé ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Báyìí ló ṣe di ọmọ Nàìjíríà. Káàdì tó tẹ̀lé e, orí ti àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé e lé. Lónìí, òun ni alága àwọn wẹ́dà ní Ojú Ore, tí wọ́n ń pè ní "Alága Ìmẹ̀kọ".

Ó sọ òótọ́ fún mi kí a tó so yìgì. Mo bi í pé, "Ṣé o ní ìyàwó níbẹ̀?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ó tán nìyẹn." Ìkirun ni wọ́n ti bí èmi. Láti Ọ̀tà sí Ìkirun jìn ju láti Ọ̀tà sí Kétu lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà Ìkirun tó ń bi mí pé kí n mú ìwé wá.

Ẹ̀rù tó ń bà á yìí, ogún ni. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Kùmásí ni bàbá náà ti ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Gánà lé àwọn àlejò, wọ́n ní kó máa lọ sí Nàìjíríà nítorí pé Yorùbá ló ń sọ. Ó ní ọmọ Dàhòmì lòun. Wọn ò gbọ́. Nígbà tó padà dé Kétu, ṣọ́jà tó wà lójú ọ̀nà fi Faransé bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ọ, wọ́n bá bi í pé àlejò ibo ni. Àwọn kan lé e nítorí èdè tó gbọ́, àwọn yòókù fura sí i nítorí èdè tí kò gbọ́. Ó wá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé ibikíbi tí wọ́n bá wà, kí ẹnu wọn rí bí ẹnu àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n má sì dárúkọ ilé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ìjọba tiwa náà wá ti bọ́dà pa. Lọ́dún yẹn, wọ́n kó àwọn Kútọnu kan tó ń gbẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ kan lágbègbè wa, wọ́n tì wọ́n sínú ọkọ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ mi ò tẹ Kétu mọ́. A ò sì sọ fún àwọn ọmọ wa rí. Ọmọ a máa sọ̀rọ̀ níléèwé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Alhaji wá, Afeezat ti ibi iṣẹ́ dé, inú rẹ̀ dùn, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ tó ń jẹun.

"Dádì, ẹ ò bá rí Kútọnu kan lónìí! Wọ́n ní kó gbé páálí lọ sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì mànéjà. 'Wí, wí, wí,' bẹ́ẹ̀ ni lédè Faransé wọn, bí ọmọ adìẹ! Tahir fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Òun náà mọ̀ ọ́n ṣe ju mi lọ."

Jìbírílù rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bu òkèlè ẹ̀bà.

"Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín," Afeezat sọ.

"Ata ló kó sí mi lójú," mo dá a lóhùn. Kò yà á lẹ́nu. Ata ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ ìlọta wa wà níwájú ilé ní Ilo-Awela.

Nígbà tó wọlé lọ, mo ti ìlẹ̀kùn. "Bàbá Afeezat, kí la fẹ́ ṣe?"

"Sírájúdéènì wà níbẹ̀."

Sírájúdéènì ni ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Ìmẹ̀kọ ló ti fẹ́ ìyàwó, ó sì kọ́lé síbẹ̀, ó ń ta páànù. Ọkọ mi pè é lórí fóònù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni. Orúkọ bàbá. Orúkọ ìyá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ohun tó pa ẹni tó kú. Ṣé wèrè wà nínú ìdílé? Kò sí. Olè? Kò sí. Ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ ara wọn, òótọ́ ni, àfi ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀," mo ní. "Irọ́ tí ẹni púpọ̀ bá jọ rù, ẹnì kan á já a sílẹ̀."

"Irọ́ wo? Ìran kan náà ni Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Òyìnbó ló fa ìlà sáàárín wa. Ọmọ Oòduà kan ṣoṣo ni gbogbo wa."

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Lọ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù."

"Ìyá Afeezat, ẹnu rẹ yìí!"

"Kí ló ṣe ẹnu mi? Mo ti gbọ́ 'ọ̀kan ni wá' lórí rédíò, mo gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́ ọ nígbà ìbò. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn ènìyàn yẹn, ṣé wọn kì í ṣe ọmọ Oòduà ni?"

Ó tún Sírájúdéènì pè, ó ní kó tún orúkọ ìyá àgbà kà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń lọ ata, ṣùgbọ́n etí mi wà lára fóònù. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán díẹ̀, Sírájúdéènì pè. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilé.

"Ìyàwó wa, wọ́n ti dé. Wọ́n ti jẹun. Ògúnlàdé yẹn, ó yàtọ̀, ó ti ń bá àwọn ọmọ mi ta ayò. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn... ìyá yẹn ò fẹ́ràn ìjókòó."

"Kí ló ń béèrè?"

"Ẹ jẹ́ n lọ. Ó ń pè mí."

Mo dúró. Oníbàárà kan ní, "Ìyá Afeezat, ata mi ti ń dà sílẹ̀ o," mo sì rí i pé òótọ́ ni. Mo pe Sírájúdéènì padà. Kò wọlé. Mo tún un pè. Kò wọlé. Mo wá ronú, mo ní kí n pe Ìyá Ràbíátù fúnra rẹ̀, kí n ṣe bí ẹni tó ń kí i kú ìrìnàjò. Ti òun náà kò wọlé. Kì í ṣe pé ó ń dún tí wọn ò gbé e. Kò dún rárá. Ó kàn dákẹ́, ó wá ké kúú, ó sì já.

Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Nígbà tí ọkọ mi ṣì ń lọ sílé, bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí mo bá pè é. Kì í ṣe Ìmẹ̀kọ ni fóònù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́dà ni.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo fi abọ́ ata àwọn ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sí Ojú Ore. Ọkọ mi wà nídìí géètì ńlá kan, iná ń ta, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀. Mo dúró títí tó fi rí ẹsẹ̀ mi. Ó pa iná.

"Wọ́n ti sọdá," mo ní.

"Ta ló sọdá?"

"Ìyá Ràbíátù. Fóònù wọn ò dún mọ́. Ti Sírájúdéènì náà."

Ó yọ gíláàsì náà. Ojú rẹ̀ funfun yípo níbi tí gíláàsì bò, ìyókù dúdú. Ó jókòó sórí géètì tí kò tíì tutù, ó sì fò dìde.

"Àfi kí n kúrò nílùú yìí fún ọjọ́ díẹ̀," ó ní.

"Sá lọ síbo? Ilé rẹ ni wọ́n wà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò jáde. Wẹ́dà kan láti ìsọ̀ kejì ń kígbe pé, "Alága Ìmẹ̀kọ, ṣé ìyàwó ti gbé oúnjẹ wá ni?" Jìbírílù juwọ́ sí i. Ọwọ́ tó jù yẹn, mo rí i pé ó fẹ́ fi pamọ́.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò gbọ́ nǹkan kan. Afeezat ń kọrin nínú ilé, ó ń to aṣọ tí yóò lò lọ́jọ́ yìgì. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mò ń da epo dísù sínú ẹ̀rọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ìyá Ràbíátù ni, obìnrin gíga tó ti dàgbà, ó gbé abọ́ ata àti tòmátì dání.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ò rán ẹnì kankan wá, mà?"

"Ata tòní, èmi fúnra mi ló yẹ kó gbé e wá. Lọ̀ ọ́."

Mo lọ̀ ọ́. Ó dúró tì mí. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n mí láti ẹsẹ̀. Nígbà tí mo bu ata rẹ̀ tán, ó ní, "Pa á."

Mo pa á. Gbogbo àdúgbò dákẹ́.

"Sírájúdéènì yẹn, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa. Ó gbà wá tayọ̀tayọ̀. Ó ka oríkì. Ó dárúkọ àwọn tó ti kú. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kó fi ojú oórì bàbá Jìbírílù hàn mí, kí n kí i, kí n máa lọ." Ó wò mí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ilé tí kò bá lè fi ojú oórì hàn mí, ilé àyágbé ni."

Mo gbé ọwọ́ lérí. Ojú oórì! Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ Sírájúdéènì, kò sí ẹni tó rántí pé òkú gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ilé tí Sírájúdéènì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kò tíì sin ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá tèmi wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkirun, orí rẹ̀ ni a ti ń ta ayò nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò wá sí mi lọ́kàn.

"Ó ní oko ni wọ́n sin ín sí. Mo ní kó mú wa lọ sóko. Mo rò pé ó fẹ́ kó rẹ̀ mí lọ́nà, kí n ní ká padà. Kò mọ̀ mí. A gun ọ̀kadà, a lọ, a lọ. Ògúnlàdé ń pariwo lẹ́yìn mi pé, 'Ẹ̀gbọ́n, oko wo la ń lọ tí ọlọ́kadà ibẹ̀ ti ń sọ Faransé?' Ìgbà yẹn ni Sírájúdéènì sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó sọ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ forí jì wá, mà."

"Mi ò tíì bínú. Mo ní kó mú wa débẹ̀. A débẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ, Fàtímọ̀, fún mi lómi kó tó bi mí pé ta ni mí. Ojú oórì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n gbá a mọ́, wọ́n kùn ún ní funfun. Mo bi àwọn aládùúgbò. Kò sí olè, kò sí wèrè. Wọ́n ní bàbá náà lawọ́ kó tó kú. Wọ́n rán mi pé kí n lọ wo ìdílé, mo wò ó, ìdílé dára. Wọn ò rán mi lọ wo ìjọba ibi tó wà."

Ẹ̀mí mi fẹ́ balẹ̀. Ó rí i, ó sì gbọ́wọ́ sókè.

"Ohun kan ló kù. Ẹni tó bá sẹ́ ilé bàbá rẹ̀, ṣé àna ló máa ṣòro fún un láti sẹ́? Alhaji ń bọ̀ wá gbọ́ àbọ̀ lónìí, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Mo ti bẹ Ògúnlàdé, òun náà á pa ẹnu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yún un. Tí Jìbírílù bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, òótọ́ ni mo máa pè é. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, irọ́ ni mo máa pè é, mi ò sì ní gbà kí Tahir fẹ́ Afeezat."

Ó gbé ata rẹ̀. Ó lọ.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, tí Alhaji bá lọ sí ọ́fíìsì àwọn imigiréṣọ̀n ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Tí àwọn wẹ́dà bá gbọ́ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá Afeezat. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí o ò bá sọ ọ́, kò sí yìgì."

Ó ní kí n lọ sọ fún Afeezat, òun ò lè ṣe é. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwe bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kútọnu ni mí?" ó ní.

"Ọmọ Kétu ni bàbá rẹ."

"Mọ́mì. Kútọnu ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀, òun ni."

Ó jókòó sórí kóńkéré tó tutù. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo ń sín wọn jẹ, Dádì ń rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín?"

Ó tún sọ pé, "Tahir ló kọ́ mi ní 'wí, wí' yẹn," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ padà, ó ń fọ ibì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n dé. Alhaji wọ agbádá kékeré. Ìyá Ràbíátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ògúnlàdé, ọkùnrin sísanra tí kì í dákẹ́, rọra jókòó bí ẹni tí ìdí ń dùn. Tahir dúró sẹ́nu ọ̀nà. Afeezat wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Alhaji rẹ́rìn-ín. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn tó lọ ti dé láyọ̀. Jìbírílù, ọmọ Ìmẹ̀kọ, a kí yín o!"

Ibẹ̀ ni. Bí ti onílé àkọ́kọ́. Kí ọkọ mi kàn rẹ́rìn-ín ló kù. Mo wo ẹnu rẹ̀. Ògúnlàdé ń wo àjà. Ìyá Ràbíátù ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé etí rẹ̀ là.

Jìbírílù dọ̀bálẹ̀.

"Alhaji, èmi kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ọmọ Kétu ni mí, ní Benin. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá mi sí."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú Alhaji, kò tíì mọ ibi tí yóò gbé e sí. "Benin?"

"Benin ni, sà."

"Ìwọ? Alága? Ìwọ tí a jọ tò sórí ìlà ìdìbò?" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀?"

"Òótọ́ ló sọ," Ìyá Ràbíátù wí. "Ẹsẹ̀ mi débẹ̀."

"Ìdí tèmi náà mọ̀," Ògúnlàdé sọ. "Ọ̀kadà yẹn, Ọlọ́run ló yọ wá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alhaji dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ wò ó. Ìlú wa ni Ọ̀tà yìí. Gbogbo ayé ló wọ̀ ọ́, ará Ọ̀yọ́, ará Ọ̀ṣun, Ìgbò, Ègùn. Gbogbo wọn kọ́lé, gbogbo wọn di alága. Kò sí ẹni tó ń sọ pé àlejò lòun mọ́. Àwa onílẹ̀ la wá dà bí àlejò. Ó kéré tán, ìyàwó rẹ kò sẹ́ Ìkirun rí." Ó nawọ́ sí mi. "Ìwọ Jìbírílù, o wọlé, o jókòó, o sì mú orúkọ ìlú ẹlòmíràn bo ara rẹ. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé?"

"Mo mọ̀, sà. Ojoojúmọ́ ni mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́?"

Ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀. "Torí ọmọ náà, sà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ irọ́ mi ni yóò bá wọlé ọkọ."

Alhaji ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè. Mo ń ka ohun tó lè sọ nínú ọkàn mi, kò sí èyí tó dára nínú wọn.

"Ọmọ náà," ó ní, "ṣé ó ti kí ojú oórì bàbá rẹ rí?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ tó tó ilé ọkọ!" Inú bí i sí èyí ju ti káàdì lọ. "Mi ò lè gbé ìyàwó tí òkú ilé rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní mo jí i gbé ni. Ẹ mú un lọ. Kó kúnlẹ̀ níbẹ̀, kó dárúkọ ara rẹ̀. Tí ẹ bá dé, ẹ wá bá mi, a ó mú ọjọ́."

"Alhaji," mo ní, mi ò lè dákẹ́ mọ́, "tí wọ́n bá dá Bàbá Afeezat dúró lójú ọ̀nà ńkọ́? Tí wọn ò bá jẹ́ kó padà?"

Kó tó dáhùn, Afeezat yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Tahir ló ń wò.

"Ẹ jẹ́ kí Tahir tẹ̀lé wa," ó ní. "Kó lọ wo àwọn Kútọnu nílé wọn."

Tahir wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́. Ọrùn ọmọ náà pọ́n. "Mo máa lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

A lọ. Láti Ìmẹ̀kọ, ọ̀kadà la gùn, Sírájúdéènì ló síwájú, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo igi tó wà lọ́nà. Níbi tí wọ́n na okùn dí ojú ọ̀nà ní bọ́dà, ọkùnrin oníyunifọ́ọ̀mù kan dìde lórí àga.

"Níbo?"

"Láti Ọ̀tà, sà," Tahir tètè dáhùn.

"Mi ò bi ọ́. Bàbá yìí ni mò ń bi."

Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkọ mi mú.

"Kétu ni mò ń lọ," Jìbírílù sọ. "Ilé bàbá mi."

"Ọmọ ibẹ̀ ni ọ́?"

"Ọmọ ibẹ̀ ni mí."

Ọkùnrin náà họ ọrùn. "Ẹ fún wa lówó omi." Tahir fún un. Ó sọ okùn kalẹ̀. Mo mí. Ọkọ mi sọ sí mi létí pé, "Má tíì mí. Ẹni tó ń lọ kọ́ ni wọ́n ń yọ lẹ́nu. Ẹni tó ń bọ̀ ni."

Nígbà tí a dé ilé, Fàtímọ̀ ké, ó sáré, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò jẹ́ kó lọ. Àwọn ènìyàn jáde láti gbogbo ilé. "Àlejò Nàìjíríà dé! Àwọn ará Nàìjíríà!" Wọ́n ń nawọ́ sí Afeezat, wọ́n ń yẹ aṣọ rẹ̀ wò.

"Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" ó bi mí.

"Ìwọ ni."

Bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Fàtímọ̀ bi í bóyá ó rántí Jìbírílù. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní, "Wí, wí, wí." Mo wo Tahir. Tahir wo Afeezat. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. Tahir dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ojú oórì náà rí bí Ìyá Ràbíátù ṣe sọ ọ́. Ọkọ mi lóṣòó tì í, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣe àdúà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Afeezat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wo bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún un, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó délẹ̀.

"Bàbá àgbà," ó ní, "èmi Afeezat nìyí. Ọmọ Jìbírílù ni mí." Ó wá na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn bàbá rẹ̀.

Tahir ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú fóònù jáde. "Mo fẹ́ sọ fún Alhaji pé a ti débẹ̀, pé ó ti kúnlẹ̀. Kí wọ́n máa mú ọjọ́." Ó pè. Ó gbé e sétí, ó wò ó, ó tún un pè. "Kò wọlé, Mọ́mì. Kò tiẹ̀ dún."

"Kò ní dún," mo sọ fún un. "Àfi tí a bá padà sọdá."

Oòrùn ti ń tẹ̀ sí apá Ìwọ̀-Oòrùn, okùn yẹn sì ń dúró dè wá lọ́nà. Mo mọ̀ pé ní Ọ̀tà, Alhaji náà ti mú fóònù tirẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìdákẹ́ yẹn.